Dátà wọ́n, fíìmù di igba náírà: ta gan-an là ń pè lólè?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo fojú ara mi rí bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ tẹ ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onítẹ̀wé kan nítòsí ilé wa. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé, èrò sì kún inú ṣọ́ọ̀bù. Bí kálukú ṣe jókòó tó ń dúró kó kan òun, ìyá kan wọlé tìbínú-tìbínú. Ó ní, "Ẹ wá bá mi wò ó o. Dátà jígà márùn-ún tí mo rà láàárọ̀ àná, wọ́n ní ó ti tán. N ò wo fíìmù, n ò ṣe nǹkan kan, WhatsApp nìkan ni!"

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dátà kì í dákẹ́ láwùjọ wa. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Olè ni wọ́n!" "Ọlọ́run á mú wọn!" Bàbá kan tó gbé ìwé ilẹ̀ wá ṣe fọ́tókọ́pì ní àwọn iléeṣẹ́ yẹn burú ju adigunjalè lọ, pé adigunjalè a tiẹ̀ máa sinmi.

Ni ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá dá sí i. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ẹ gbé fóònù yín wá kí n bá yín fi fíìmù tuntun sí i. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ní sinimá ni, ó ti wà lọ́wọ́ wa. Igba náírà péré." Inú ìyá yọ̀, wọ́n gbé fóònù kalẹ̀. Bàbá oníwèé ilẹ̀ náà ní kí wọ́n bá òun fi méjì sí tòun.

Ẹnì kankan ò pariwo olè lọ́tẹ̀ yìí. Èmi tí mò ń kọ èyí náà ò sọ nǹkan kan. Mo kó ìwé mi, mo sanwó, mo gba ilé lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo gbé e yẹ̀wò dáadáa, mo rí i pé ìbínú ìyá yẹn sí àwọn oní-dátà àti fíìmù igba náírà tí wọ́n rà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọ̀kan ló ń bí èkejì.

Ìbínú wa lórí dátà kì í ṣe lásán

Ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 2025 ni Nigerian Communications Commission, ìyẹn àjọ NCC tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi kún owó ìpè àti owó dátà. Wọ́n ní àfikún náà ò gbọdọ̀ ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tó ju ìdá ọgọ́rùn-ún lọ ni àwọn iléeṣẹ́ náà ń béèrè. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé láti 2013 ni owó náà ti wà lójú kan, bẹ́ẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ ìdí òpó wọn ti wọ́n, dọ́là tí wọ́n fi ń ra irinṣẹ́ náà sì ti fò sókè.

Ká má parọ́, àlàyé yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tí a máa fi wọ ọdún 2025, ó ti dé nǹkan bí 1,500. Kò sí oníṣòwò tí irú ìyẹn máa bá tí kò ní fi kún ọjà.

Àmọ́ ẹ wo apá tiwa náà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000. Nígbà tí àfikún yẹn bẹ̀rẹ̀, dátà 15GB ọlọ́sẹ̀ kan ti MTN kúrò ní ₦2,000, ó di ₦6,000. Ìdá igba nìyẹn, kì í ṣe àádọ́ta. Ariwo tó sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ débi pé iléeṣẹ́ náà jáde wá tọrọ àforíjì. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ẹni tó bá ń ra ₦6,000 lọ́sẹ̀, ₦24,000 ló ń ná lóṣù. Lára ₦70,000, ìyẹn ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Oúnjẹ ń kọ́, owó ilé ń kọ́, owó iléèwé ọmọ náà ò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Àwọn kan ní Starlink ló máa gbà wá. Ó wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìgbà kan sì wà tó jẹ́ pé ₦38,000 ni wọ́n ń san lóṣù. Lọ́dún 2025, ó ti di ₦57,000, a ò tíì sọ owó irinṣẹ́ tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé. Ó dára fún iléeṣẹ́ àti ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ tó o, kì í ṣe fún ìyá yẹn.

Bí a bá tún sanwó tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ẹ rántí ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, tí wáyà mẹ́rin abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Báńkì dúró, iṣẹ́ dúró, àwa tí à ń fi íntánẹ́ẹ̀tì jẹun ń wo ara wa lójú. Kò sẹ́ni tó dá dátà wa padà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Lọ́dún 2025, NCC pàṣẹ pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú níbì kan kọjá wákàtí mẹ́rìnlélógún, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan gba-má-bínú fún oníbàárà, irú bíi kí wọ́n fi ọjọ́ kún dátà rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ béèrè. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ pe 622, NCC fúnra wọn ló ni nọ́ńbà yẹn, kò gba owó.

Kí ló jẹ dátà ìyá oní-WhatsApp?

Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí ìyá yẹn jẹ́ kí n wo fóònù wọn. Gúrúùpù ọ̀kánlélógún ni wọ́n wà lórí WhatsApp: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹbí, ti ọjà, ti àwọn tí wọ́n jọ kàwé. Fóònù náà sì ń já gbogbo fídíò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọn ì báà wò ó, wọn ì báà má wò ó. Lórí Facebook, fídíò ń bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo bá wọn pa á ní settings. Mi ò ní àwọn iléeṣẹ́ ò ní ẹ̀bi o, ṣùgbọ́n ká tó pe ẹnì kan lólè, ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn tí àwa fúnra wa ṣí sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan fíìmù nìyí. Netflix fúnra wọn sọ pé ẹni tó bá ń wo fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ níwọ̀n, á lo tó jígà kan fún wákàtí kan. Tó bá fẹ́ kó mọ́ kedere, ìyẹn HD, ó lè tó jígà mẹ́ta fún wákàtí kan. Fíìmù oníwákàtí méjì lè jẹ jígà mẹ́fà! Dátà nìkan nìyẹn, a ò tíì san owó Netflix, èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀ kúrò ní ₦4,400 bọ́ sí ₦5,000, kó tó di ₦7,000, láàárín ọdún 2024 nìkan. Ẹni tó bá ní òun á lo DStv dípò ẹ̀, Compact di ₦19,000, Premium di ₦44,500 láti oṣù kẹta ọdún 2025.

Kí ni páírétì wá ṣe? Ó fún fíìmù yẹn títí tí ò fi tó jígà kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà á látorí Telegram, àwọn tó kù gbà á nípasẹ̀ Xender tàbí mẹ́mọ́rì, láìná dátà kankan. Kò ní yí bìrìpé-bìrìpé, kò ní dúró láàárín, ẹ lè wò ó nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí rárá. Nítorí náà, kì í ṣe fíìmù nìkan ni ọmọkùnrin yẹn tà fún ìyá. Ìsinmi kúrò lọ́wọ́ dátà ló tà fún wọn. Àwọn tó ń ṣe fíìmù tí wọ́n ń pariwo pé aráàlú ò lẹ́rù Ọlọ́run, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò bá páírétì lọ nítorí pé wọ́n kórìíra òṣèré. Ọ̀nà tó tọ́ ló jìn jù fún wọn.

Ta ló jẹ nínú ẹ̀, ta ni ò jẹ?

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ka owó yẹn lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó wa fíìmù látorí Telegram ra dátà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti jẹ tiẹ̀. Ẹni tó gbé fíìmù sí Telegram ń gba owó ìpolówó, ó jẹ. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù gba igba náírà, ó jẹ. Ẹni tó ta epo jẹnẹrétọ̀ jẹ. Gbogbo èèyàn tọ́wọ́ wọn kan fíìmù yẹn ló jẹ, àfi ẹni tó kọ ìtàn náà, ẹni tó gbé kámẹ́rà, àti òṣèré tó sunkún nínú òjò títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ wá rí i? Àwọn oní-dátà tí a ní olè ni wọ́n, a san tiwọn pé pérépéré, nítorí wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Bí a ò bá san, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Onífíìmù ni ò ní kọ́kọ́rọ́, òun la wá ń jà lólè. Kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ wá là ń gbẹ̀san lára ẹ̀, ẹni tọ́wọ́ wa tó ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ìyá yẹn, bàbá yẹn, àti èmi tí mo dákẹ́, a wà nísàlẹ̀ àjà níbẹ̀, a ń gba epo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá Sàlá

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láyé àwọn Hubert Ogunde àti Adé Love, wọ́n máa ń gbé róòlù fíìmù wọn kiri láti ìlú dé ìlú ni, wọn kì í sì í jẹ́ kó jìnnà sí ojú wọn. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹ̀dà kan bá já bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, òwò ti bàjẹ́.

Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tó ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, ló rí tiẹ̀. Ó ṣe fíìmù *Ọ̀run Móoru* lọ́dún 1982, ó náwó sí i gan-an. Àwọn páírétì jí i dà sórí fídíò, ó gba ìlú kan, èèyàn ń wò ó nínú pálọ̀ wọn, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Ó tún gbìyànjú láti dìde lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó ṣe *Mosebọ́látán*, ṣùgbọ́n títí tó fi jáde láyé lọ́dún 2018, tí ẹ bá ti dárúkọ *Ọ̀run Móoru*, ọ̀rọ̀ olè fídíò yẹn lẹ máa gbọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ wò ó, àwọn tó wo fíìmù yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ fẹ́ràn Bàbá Sàlá o! Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìfẹ́ wọn ló fọ́ ọ lápò.

Lónìí, Amazon Prime Video ti dáwọ́ níná owó sí fíìmù tuntun nílẹ̀ Áfíríkà dúró láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ Yorùbá ti gba orí YouTube lọ, níbi tó jẹ́ pé iye èèyàn tó bá wò ó lójú òpó wọn gan-an ló ń sọ iye tí wọ́n máa gbà. Bí ẹlòmíì bá gé e, tó yí orúkọ rẹ̀ padà, tó gbé e sójú òpó tiẹ̀, owó oúnjẹ ẹni ẹlẹ́ni ló gbé lọ. Èdè wa tí à ń sunkún pé ó ń kú, àwọn fíìmù yìí wà lára ohun tó ṣì ń mú un sọ̀rọ̀ nínú ilé àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Bí àwọn tó ń ṣe é bá jẹ gbèsè títí wọ́n fi lọ ta ilẹ̀, ta ló kù tó máa ṣe é?

Èmi náà jẹ̀bi

Kẹ́ ẹ má baà rò pé wòlíì ni mí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí ẹnì kan bá mi fi Windows tí wọ́n fi crack ṣí sórí kọ̀ǹpútà mi. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni mo san. Ó ní kí n má jẹ́ kó ṣe update láéláé, kí wọ́n má baà rí mi. Mo gbọ́ràn. Lọ́jọ́ kan mo tan kọ̀ǹpútà, fáìrọ́ọ̀sì ti wọlé, fáìlì mi ò ṣí mọ́. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni ohùn bàbá àgbà kan, òṣèré tíátà ayé ọjọ́un, tí mo gbà sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Ó ń ròyìn bí wọ́n ṣe ń sùn ti róòlù fíìmù nínú mọ́tò kí wọ́n má baà jí i. Bàbá náà ti kú. Mi ò rí ohùn yẹn mọ́ títí dòní. Ẹ ò rí i pé nǹkan olè ni mo fi tọ́jú ìtàn ẹni tó ń sá fún olè?

Àdánwò yẹn kì í ṣe tèmi nìkan. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 2017, fáìrọ́ọ̀sì WannaCry kọlu kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ó dé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kẹta ni Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Àwọn tí ò ṣe update ló mú. Ẹ sì kíyè sí i, ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kọ̀ǹpútà tó bá ṣì wà lórí rẹ̀ láìsí àtúnṣe, ilé tí ò ní ilẹ̀kùn ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni GB WhatsApp tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Iléeṣẹ́ WhatsApp kọ́ ló ṣe é, ẹ ò sì mọ ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀.

Àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńlá yìí náà ò mọ́. Láti 2013 ni Adobe ti kúrò nídìí ká rà á lẹ́ẹ̀kan ká máa lò ó lọ. Oṣooṣù ni wọ́n ń gbowó, iye rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé dọ́là. Ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, tó ń gba ẹgbẹ̀rún mélòó kan lórí bánà ìnáwó, báwo ló ṣe fẹ́ máa san iye tí akẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ń san? Iye tí wọ́n dá lé ọjà náà ń sọ fún un pé wọn ò rò ó mọ́ ọn rárá. Ọ̀nà àbáyọ wà tí kì í ṣe olè: LibreOffice fún ìwé kíkọ, GIMP fún fọ́tò, Inkscape fún iṣẹ́ tí wọ́n ń fi CorelDRAW ṣe. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, àwọn tó ṣe é ló fi tọrẹ. LibreOffice ni mo fi kọ èyí tí ẹ̀ ń kà yìí.

NCC méjì, òfin kan

Lọ́wọ́ ìjọba ńkọ́? NCC méjì la ní ní Nàìjíríà. Ọ̀kan ń mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èkejì, Nigerian Copyright Commission, ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun, Copyright Act 2022. Òfin náà ní bí ẹni tó ni iṣẹ́ bá fi ìwé ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ jíjí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìgbésẹ̀ lórí yíyọ ọ́ kúrò. Ó tún fún àjọ náà lágbára láti dí ojú òpó tó bá gbà pé ó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ibi dídí ojú òpó yẹn ni mo ti ń ṣọ́ra. Mi ò tíì gbàgbé pé láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí wọ oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n fi ti Twitter pa fún wa. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, ó lè tì í mọ́ oníròyìn náà lọ́la. Tó bá jẹ́ tèmi, kí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ká tó dí ojú òpó ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sì fi ọmọ onígba-náírà sílẹ̀, kí wọ́n wá àwọn tó ń gba owó ìpolówó ńlá lókè lọ́hùn-ún.

Ohun tó máa tètè ṣiṣẹ́ ju ọlọ́pàá lọ ni kí NCC méjèèjì jókòó pọ̀. Bí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lè ta dátà pọ́ọ́kú fún WhatsApp àti TikTok, kí ló ní kí wọ́n má ta dátà fíìmù Nàìjíríà pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì bá onífíìmù pín nínú owó náà? Bí ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọjọ́ tí ọ̀nà tó tọ́ bá rọrùn bí ti páírétì, igba náírà yẹn náà la máa san, ẹni tó ni iṣẹ́ ló kàn máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kó tó dìgbà náà, ohun tó wà lọ́wọ́ wa ò le. Ẹ wo fíìmù lójú òpó ẹni tó ni ín. Ẹ fa àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ sí 360p, dátà tó máa jẹ á dín kù jọjọ, ojú fóònù kékeré ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ má rán ẹ̀dà jíjí sí gúrúùpù ẹbí.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn lánàá. Inú ń bí ọmọkùnrin mi burúkú-burúkú. Kálẹ́ńdà kan tó fi ọjọ́ mẹ́ta yà, ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì títì ti jí i, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n ń tà á fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ń pariwo, "Brọ̀dá, ẹ̀yin ẹ sọ, ṣé kì í ṣe olè nìyẹn?"

Mo wo fíìmù tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ń dà sínú fóònù oníbàárà kan lọ́wọ́. Mo ní, "Olè ni, àbúrò mi. Olè pátápátá ni."

Ó tẹjú mọ́ mi. Nígbà tó yá, òun náà wo kọ̀ǹpútà. Kò sọ nǹkan kan mọ́.